Ìwé Tó Sọnù ní Ìlú Ọba àti Fáìlì Inú Kọ̀ǹpútà Wa

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè yan ọ̀nà tí yóò máa gbà fi ẹ̀dà fáìlì inú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ pamọ́. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà nìyí. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni lójú tèmi, ó sì ti ń bá àwa Yorùbá fínra tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ jẹ́ kí n gbé e ka orí ìwé kan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ogun Kírìjì dáadáa, kò ní ṣàìkan ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, The History of the Yorubas. Johnson kò jókòó sí Ọ̀yọ́ kó máa gbọ́ ìròyìn ogun náà lẹ́nu àlejò. Òun náà wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà káàkiri. Ní ọdún 1886, nígbà tí Gómìnà Moloney ní Èkó ń wá bí ogun yóò ṣe parí, Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n rán lọ sí àgọ́ àwọn jagunjagun, láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Ògèdèngbé Agbógungbórò ti Iléṣà ti kó àwọn Èkìtìparapọ̀ dúró de Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni Johnson kó ohun tó fojú rí àti ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àgbààgbà jọ. Ogun Òṣogbo wà níbẹ̀, èyí tí Ìbàdàn fi dá àwọn Ìlọrin dúró ní nǹkan bí ọdún 1840. Ní 1897, ó parí iṣẹ́ náà ní Ọ̀yọ́.

Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò òǹkọ̀wé náà, débẹ̀ ní 1900, ó sì lọ bá òǹtẹ̀wé yìí. Èsì tó gbà ni pé wọ́n ti ṣì í gbé síbì kan, wọn kò rí i mọ́, àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, èló ni wọ́n fẹ́ san? Ta ni yóò dá iye lé ohun tí àwọn arọ́kin tó ti kú sọ? Ní 1901, Samuel Johnson náà jáde láyé, kò sì fojú kan ìwé rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ohun tó yọ wá ni pé àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nílé, pẹ̀lú àwọn ìwé tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kọ kó tó da ojúlówó kọ. Wọn kò pé, wọn kò sì tò. Inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo ìtàn náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù January 1916, wọ́n tún gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi Appam, ó di Ìlú Ọba. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó ń jẹ́ Möwe mú Appam lójú òkun, àwọn Jámánì sì gbé e gba Virginia ní Amẹ́ríkà lọ. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, bébà sì ti wọ́n nígbà náà, wọ́n ní kí ogun parí ná. Obadiah kú ní 1920. Ní 1921, ìwé jáde, ó lé ní ojú ewé 600.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun méjì sọ́kàn nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tí ìwé náà sọnù sí lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀tá. Òǹtẹ̀wé tó lórúkọ ni, ẹgbẹ́ tó ṣeé gbíyè lé ló sì fi ránṣẹ́. Ìkejì ni pé ẹ̀dà tó là wá yìí kò bá ojúlówó mu tán. Ohun tó wà nínú ti 1897 tí kò sí nínú èyí tí à ń kà lónìí, kò sí alààyè tó lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì ni mo ń sọ yìí o, ọ̀rọ̀ baba ńlá àwọn tó jókòó níwájú mi.

Ẹ wá jẹ́ ká wo inú kọ̀ǹpútà tiwa. Láti Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí dé Òkèṣà ní Iléṣà, bí ẹ bá ṣí láptọ́ọ̀pù ilé mẹ́wàá, irú ohun kan náà lẹ ó máa bá: ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ti ya sínú kọ̀ǹpútà, èsì WAEC àwọn ọmọ, fídíò ìsìnkú Màmá, fọ́tò ìgbéyàwó tí oníkámẹ́rà ti pa tiẹ̀ rẹ́, àkáǹtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, iṣẹ́ ìwádìí ọmọ tó wà ní yunifásítì. Ìdílé kan lè ní ohùn bàbá àgbà níbi tó ti ń ki oríkì agbolé, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi fóònù gbà sílẹ̀ kí bàbá tó lọ. Àwọn Òṣómàáló tí wọ́n gbé aṣọ àwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan, orí pípé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jẹ wọ́n. Ọmọ wọn tó ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúmọ̀sà lónìí ti kó gbogbo gbèsè oníbàárà sínú Excel. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, ta ni yóò rántí ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣẹ́kù?

Ohun tó lè pa á kò sì jìnnà. Iná lè dé lójijì kó jó o. Olè lè gbé e. Omi lè wọlé, àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun mọ ohun tí òjò lè ṣe. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lè sọ pé kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí òun fọmáàtì rẹ̀ lọ, kí onítọ̀hún sì gbà láì bèèrè ohun tó máa lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní October 2020, iná jó ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Igbóṣéré, l'Ékòó, tìwé-tìwé. Bí ilé ẹjọ́ bá lè jóná pẹ̀lú ìwé ẹjọ́ inú rẹ̀, kí ni a máa sọ nípa tábìlì tó wà ní pálọ̀ wa?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Peter Krogh, oníṣẹ́ fọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, ló fi òfin kan lélẹ̀ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìpamọ́ fáìlì ń tẹ̀ lé kárí ayé: kí ohun tó ṣe pàtàkì wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ẹ̀dà wọ̀nyí wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé náà rárá. Mo fara mọ́ òfin yìí pátápátá. Bí a ṣe lè pa á mọ́ ní Òṣogbo, pẹ̀lú iná tiwa, pẹ̀lú owó dátà tiwa, ló kù tí mo wá sọ.

Kí n kọ́kọ́ mú àwọn ohun tí a ń rò pé ẹ̀dà ni, tí kì í ṣe ẹ̀dà, kúrò lọ́nà. Kíkó fáìlì láti C lọ sí D nínú kọ̀ǹpútà kan náà kì í ṣe ẹ̀dà, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, hard disk kan ṣoṣo ni wọ́n pín sí méjì. Ọjọ́ tó bá kú, méjèèjì kú. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í sábà pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kó lè tètè lọ. Èyí tó ń tan àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá jẹ ni Google Photos. Fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ń bá ara wọn dọ́gba níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá fi ọwọ́ pa fọ́tò rẹ́ nínú rẹ̀ lórí fóònù, ó ti pa á rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn. Ọgọ́ta ọjọ́ péré ni fọ́tò tí ẹ ti fi pamọ́ síbẹ̀ yóò lò nínú àpò ìdọ̀tí kí ó tó lọ pátápátá.

Fílàṣì ńkọ́? Fún gbígbé iṣẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó dára. Fún ìpamọ́ ọdún márùn-ún, mi ò gbà. Ó kéré, ó máa ń sọnù, fáírọ́ọ̀sì sì máa ń bá a wọlé láti orí kọ̀ǹpútà àwọn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ayédèrú rẹ̀ tún wà nígboro. Wọn yóò kọ TB 2 sí i lára, owó rẹ̀ yóò kéré débi tó yẹ kí ó kọ wá lóminú, bẹ́ẹ̀ GB 32 tàbí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ kó máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ óò máa kó fáìlì sí i, orúkọ fáìlì yóò máa hàn, ohun inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw, ó máa ń kó fáìlì kún inú fílàṣì tàbí hard disk títí dé ẹnu, yóò sì kà á padà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ fi dán ohun tuntun wò kí ẹ tó gbé fáìlì yín lé e lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń pè ní òpó ilé ni hard disk tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. TB 1 tó fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ní àwo tó ń yí nínú dínwó ju ìkejì lọ, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́ nígbà tó ń yí, orí rẹ̀ lè họ àwo náà, ó parí nìyẹn. Èkejì, SSD, kò ní ohun tó ń yí nínú, ó sì yára gan-an. Àmọ́ bí ẹ bá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún púpọ̀ láì fún un ní iná, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Fún ohun tí a fẹ́ gbé pamọ́, tí a kì í gbé rìn káàkiri, mo yan èyí tó ní àwo.

Ẹ má ṣe fi í há kọ̀ǹpútà lára tọ̀sán-tòru. Ní May 2017, fáírọ́ọ̀sì WannaCry ti fáìlì pa lórí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, tó fi dé àwọn ilé ìwòsàn Ìlú Ọba, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín fáìlì inú kọ̀ǹpútà àti èyí tó wà lórí hard disk tó ṣì so mọ́ ọn. Àtojúlówó àtẹ̀dà ni yóò tì pa. Ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ kó ohun tí ẹ fẹ́ kó, ẹ yọ ọ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ sì fi kó o, kí ó kún dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí iná tó bá lọ láàárín ìkóẹ̀dà lè ba fáìlì jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé iṣẹ́ parí. Windows ní File History, kọ̀ǹpútà Apple ní Time Machine, àwọn méjèèjì yóò máa kó èyí tó bá yí padà fúnra wọn nígbà tí ẹ bá ti so hard disk mọ́ ọn. Ẹni tí èyí bá ta kókó fún, kí ó máa fi ọwọ́ kó o lọ́jọ́ Sátidé. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún.

Ó ku orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ pé, "Bàbá, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sórí Google Drive." Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. GB 15 ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, íméèlì, fọ́tò àti fáìlì ló sì jọ ń pín in. Láti 1 June 2021 ni fọ́tò ọ̀fẹ́ aláìníye ti dópin, ẹ̀dà WhatsApp orí Android náà sì ti ń jẹ nínú rẹ̀ báyìí. OneDrive ti Microsoft ń fúnni ní GB 5. Bí fọ́tò àti fídíò ilé yín bá tó GB 100, tí íntánẹ́ẹ̀tì yín sì ń gbé mẹ́gábíìtì 2 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò gbà yín ní wákàtí 111, ìyẹn ju ọjọ́ mẹ́rin àbọ̀ lọ, láìsí ìsinmi, láìsí pé iná lọ. Dátà tí yóò jẹ kì í ṣe kékeré. Ní January 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ilé onílé sì ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 14 March 2024, àwọn wáyà ìsàlẹ̀ òkun já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà kò sì lè dé ibi tí fáìlì wọn wà dáadáa. Ní 10 March 2021, iná jó ilé ìpamọ́ fáìlì OVH ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà tí ẹ̀dà wọn wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú ojúlówó pàdánù méjèèjì. Google fúnra rẹ̀ sọ pé láti December 2023, àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún méjì lè di píparẹ́. Ẹ ro èyí dáadáa, ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ti kú, tí fọ́tò wọn wà nínú àkáǹtì tí ẹ kò mọ password rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ṣí i lè ti di ti ẹlòmíràn báyìí.

Síbẹ̀ n kò ní kí a pa íntánẹ́ẹ̀tì tì. Ohun kékeré tó níye lórí ni ibẹ̀ yẹ. Ìwé ilẹ̀ tí a yà kì í sábà ju MB méjì lọ. Ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé, ìwé ìbí, àkáǹtì òwò, gbogbo wọn yóò wọ inú GB 1, dátà díẹ̀ ni yóò gbé wọn gòkè, wọn yóò sì dúró síbẹ̀ bí ilé tilẹ̀ jó. Fún fídíò àti fọ́tò, ọ̀nà tó bá àpò wa mu wà lójú títì.

Láti Òṣogbo sí Iléṣà kò ju bí i kìlómítà 30 lọ. Kò sí ìdílé kan nínú gbọ̀ngán yìí tí kò ní ẹbí tàbí àna ní ìlú kejì. Ẹ ra hard disk méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní Iléṣà. Nígbà tí ẹ bá ń lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ mú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fáìlì tuntun sí dání, ẹ gbé e fún wọn, ẹ gba ti tẹ́lẹ̀ padà. Owó ọkọ̀ tí ẹ kúkú máa san tẹ́lẹ̀ ti gbé GB 100 lọ láàárín wákàtí kan. Kí ẹ̀gbọ́n náà fi tirẹ̀ sọ́dọ̀ yín bákan náà. Ìjàǹbá tó bá dé bá ilé kan ní Òṣogbo kò ní bá ti Iléṣà lọ́jọ́ kan náà, àfi ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Èyí ni mo yàn fún ìdílé wa, mo sì gbà pé ó dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé tó lówó ní Èkó ń ṣe lọ.

Ẹ ó ní, "Bí ẹlòmíràn bá ṣí i ńkọ́?" Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. BitLocker wà nínú Windows Pro, VeraCrypt jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n password tí ẹ bá fi tì í, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ọkọ tàbí aya yín mọ ibi tí ìwé náà wà. Bí ó bá sọnù, kò sí ẹnjiníà tó lè ṣí i.

Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì ṣí rí, ẹ má tíì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní 1998, nígbà tí iléeṣẹ́ Pixar ń ṣe sinimá Toy Story 2, àṣẹ kan tí ẹnìkan tẹ̀ pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ náà rẹ́. Wọ́n lọ bá ẹ̀dà wọn, wọ́n rí i pé kò ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan, Galyn Susman, tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé torí ọmọ tuntun, ló ní ẹ̀dà kan nílé tó gba gbogbo wọn là.

Bí ẹ ó ṣe dán tiyín wò nìyí. Ẹ so hard disk náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í ṣe èyí tí ẹ fi kó o. Ẹ lọ sínú folder ọdún tó ti pẹ́. Ẹ tẹ fídíò ìsìnkú kan, ẹ fà á dé àárín, ẹ fà á dé ìparí, ẹ gbọ́ bóyá ohùn ṣì ń jáde. Fáìlì tó bàjẹ́ máa ń fi orúkọ rẹ̀ hàn, ó tilẹ̀ lè fi àwòrán kékeré hàn lójú folder, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò dúró gbagidi sójú kan, tàbí kí ìdajì fọ́tò di eérú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún lórí folder, ẹ yan Properties, ẹ ka iye fáìlì àti iye GB tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi wé ti kọ̀ǹpútà ilé. Bí wọn kò bá dọ́gba, iṣẹ́ kò tíì parí. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Hard disk náà yóò darúgbó. Kí ó tó pé ọdún mẹ́fà, ẹ ti kó ohun inú rẹ̀ sí tuntun.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá fi kádìí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ tó pè mí wá síbí ní ìwé ìpàdé ọ̀pọ̀ ọdún nínú láptọ́ọ̀pù akọ̀wé. Kí ẹ tó túká lónìí, ẹ yan ẹnìkan ní Òṣogbo àti ẹnìkan ní Iléṣà tí hard disk ẹgbẹ́ yóò wà lọ́wọ́ wọn, kí owó rẹ̀ sì jáde láti inú àpò ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù wa sì délé, kí ó wá ohùn àgbà tó kẹ́yìn nínú fóònù rẹ̀, kí ó kó o sórí ohun mìíràn lálẹ́ òní, kó tó kan ìwé ilẹ̀. Ìwé ilẹ̀, a ṣì lè lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ohùn bàbá tó ti lọ, kò sí ibi tí a ti lè gba ẹ̀dà tiẹ̀.